Ìtẹ́ Ọba Ní Ilẹ̀ Tí Kò Ní Ọba

Àwa Bakiga ilẹ̀ Uganda kò jọba rí. Láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ti ń gun òkè wọ̀nyí, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ga ju ẹlòmíràn lọ, òkè la máa ń fi hàn án pé kó gùn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Eliyezeri Tindyebwa fi yẹ ní sísọ. Ó jọba lé wa lórí fún odidi ọdún méjì, àwọn àlejò òkè òkun nìkan ló sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kí i bó ṣe máa ń fẹ́ kí a kí òun. Kábíyèsí Tindyebwa! Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n hun ní Ṣáínà! Àna ìnàkí! Ọba tó ní ààfin tí kò ní abúlé, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ní ìran! Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ adé náà má ṣe yọ́ lóòrùn!

Kó tó di ọba, páànù ló ń tà ní Kabale. Ogún ọdún ló fi tà á. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí páànù bá ti ń dán, kò sẹ́ni tó ń béèrè bó ṣe nípọn tó.

Ó kó ẹ̀kọ́ yìí wá sílé, sí Kanyashogi, abúlé wa tó fẹ̀gbẹ́ ti igbó Bwindi, ó sì kọ́ òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá mẹ́jọ sórí òkè tó dára jù. Ààfin Inú Ìkùukùu ló pè é. Àwọn olówó ayé máa ń wá sọ́dọ̀ wa láti wo ìnàkí, ṣùgbọ́n ìnàkí kì í ṣe ti Tindyebwa. Ìjọba ló ń ta ìwé àṣẹ, ẹ̀ṣọ́ igbó ló ń mú wọn lọ, wákàtí kan péré sì ni òfin fún wọn níwájú ẹranko náà. Lẹ́yìn wákàtí yẹn, ó di ilé.

"Wákàtí kan," ni Tindyebwa wí fún mi lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́. "Kí la ó máa tà fún wọn ní wákàtí mẹ́tàlélógún tó kù?"

"Oúnjẹ, sà. Ibùsùn."

"Àṣà!" Ó fọwọ́ lu tábìlì. "A ó ta àṣà."

"Àṣà wo, sà?"

"Èyí tí a bá ní. Èyí tí a kò ní, a ó ṣe é."

Akampurira lorúkọ mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú àlejò ní Yunifásítì, ọdún mẹ́ta mìíràn ni mo sì fi tọ́jú ọ̀dùnkún ìyá mi nígbà tí iṣẹ́ kò sí. Iṣẹ́ tí mo padà rí ni ògbufọ̀ ọba. Tindyebwa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju alùfáà lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọba tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní níyì lójú òyìnbó. Nítorí náà, òun yóò sọ Rukiga, èdè wa, èmi yóò sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, òun yóò sì máa wo òkè bí ẹni tí kò gbọ́. Bí àwọn àlejò bá lọ tán, á pè mí, á tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe.

"O pè mí ní 'olórí' lánàá. Mi ò fẹ́ olórí. 'Ọba aláṣẹ' ni kí o máa wí."

Mo wí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún àwọn àlejò pé baba ńlá rẹ̀ ló ni igbó. Àwọn Batwa, tí wọ́n bí sínú igbó náà tí ìjọba sì lé wọn jáde, ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè. Wọ́n gbọ́ pé igbó ti ní olóhun tuntun, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn létí. Mo sọ pé akọ ìnàkí tó tóbi jù, èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń pè ní Kahinga, máa ń wólẹ̀ bó bá gbúròó ọba. Tindyebwa kò tíì fojú kan ìnàkí rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ igbó. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan hó, Kábíyèsí sì délé ṣáájú àwọn tó ń gbé ẹrù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọba kò lè máa fẹsẹ̀ rìn. Ìtẹ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ó nílò ohun tí wọ́n á fi máa gbé e káàkiri lójú àlejò, ohun tó jọ ti àtijọ́. Ibi tí ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sí ni ẹngozi wa.

Lórí òkè tiwa, ọkọ̀ kì í dé. Bí ènìyàn bá ṣàìsàn, orí èjìká ló ń gbà dé ilé ìwòsàn. Apẹ̀rẹ̀ gígùn tí a fi ọparun àti ìtàkùn hun ni ẹngozi, ọ̀pá méjì ló gbé e dúró, ọkùnrin mẹ́jọ ló sì ń rù ú, àwọn mẹ́jọ mìíràn a máa tẹ̀lé wọn láti gbà á. Ẹyọ kan ṣoṣo ni abúlé ní. Gbogbo ọkùnrin tó bá ti gbéyàwó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìwo bá dún, wàá fi ọkọ́ sílẹ̀, wàá fi oúnjẹ sílẹ̀, wàá lọ. Aláìsàn la fi ń gbé, aláboyún la fi ń gbé, òkú náà la fi ń gbé wálé. Ẹni tí kò bá gbé ẹlòmíràn, a kì í gbé e. Tindyebwa kò fi èjìká kan ọ̀pá náà fún ọdún méje. Ewúrẹ́ ló máa ń fi ránṣẹ́ dípò ara rẹ̀, ìgbà mìíràn ewúrẹ́ náà á rù ju aláìsàn lọ.

Ó lọ bá Bàbá Baryayanga, olórí ẹgbẹ́ ẹngozi, ó ní òun fẹ́ tún ohun ìní abúlé ṣe. Ó tẹ́ fóòmù sí i, ó fi àrán pupa bò ó, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun àwọn ọ̀pá. Lọ́jọ́ Túsìdeé àti Fúráìdeé nìkan ni òun yóò máa lò ó, òun yóò sì máa fún àwọn tó bá gbé òun ní owó iṣẹ́. Ebi ń pa ènìyàn. Wọ́n gbà. Àmọ́ Bàbá Baryayanga sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

"Bí ìwo bá dún, o máa bọ́ sílẹ̀."

Tindyebwa rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ni yóò lọ yan Túsìdeé láti ṣàìsàn?"

Báyìí ni posí àwọn tálákà ṣe di ìtẹ́ ọba.

Àbúrò mi obìnrin, Kyobutungi, ni yóò padà yan Túsìdeé. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ wà ní Kampala níbi iṣẹ́, òun sì ń gbé ní òdìkejì àfonífojì pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé orí ọmọ náà kò kọ sí ìsàlẹ̀, pé bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má ṣe fi àkókò ṣòfò rárá, kí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Mo lọ kí i ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó ń bó ẹ̀wà, ikùn rẹ̀ ti ga dé àyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹngozi dà?"

"Ó wà ní Ààfin."

"Ẹ ní kí ọba yín fọ̀ ọ́ sílẹ̀ dè mí."

"Kyobutungi, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Ta ló ń ṣẹ̀fẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó lọ́wọ́ ọba tí kò sí, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀." Ó sọ èpo ẹ̀wà lù mí. "Ẹ lọ, kí wọ́n má baà yọ yín lóyè."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyáàfin Dekkers dé láti Bẹ́ljíọ̀mù. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń kó àwọn olówó Yúróòpù lọ gbafẹ́ káàkiri ayé. Òun pẹ̀lú àlejò méje ló wá, láti wò ó bóyá Ààfin yẹ. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ Tindyebwa ni gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò máa wọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ìwé kékeré aláwọ̀ dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ nǹkan sí. Tindyebwa kò wo ojú obìnrin náà rí. Ìwé yẹn ló ń wò.

Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ó ṣe àsè ọba fún wọn. Wọ́n gbé ìkòkò ọtí ọkà bàbà kan sáàárín, wọ́n ki pòpó esùsú mẹ́sàn-án bọ̀ ọ́, ọba àti àlejò mẹ́jọ forí kan orí, wọ́n ń fà á.

"Sọ fún wọn," ni Tindyebwa wí, "pé ẹni tó bá bá mi fa ọtí nínú ìkòkò kan náà ti di ẹ̀jẹ̀ mi."

Mo sọ ọ́. Inú wọn dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gun ìtẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Ruben, ọkùnrin gíga kan tó ní irùngbọ̀n pupa, tilẹ̀ nà gbalaja sínú rẹ̀. Ó ní ó bá ẹ̀yìn òun mu gan-an. Mo wò ó. Ẹ̀yìn tó bá mu kẹ́yìn ni ti Bàbá Zaribugire, tí a fi ẹngozi náà gbé wálé lọ́jọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú, ní òkú. Kí a tó gbé e, Tindyebwa ti ní kí a kọ́kọ́ yọ àrán òun kúrò.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Túsìdeé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò bá fẹ́ wọ igbó, Kábíyèsí máa ń lọ "ṣí igbó" fún wọn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé wọ́n á gbé e láti Ààfin dé ẹnu ibodè ìjọba, á wọ́n ìyẹ̀fun ọkà sílẹ̀, á sì fún wọn láyè láti wọ ibi tí wọ́n ti gbàwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Èmi ló ń ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ gbé e tẹ̀lé mi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aṣọ àmọ̀tẹ́kùn rẹ̀ ń dán lára rẹ̀, adé rẹ̀ ń dán lórí rẹ̀. Àwọn àlejò ń tẹ̀lé wọn nínú bàtà tuntun.

Kobusheshe, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, tí a ń pè ní Àfáńdè, ìyẹn ọ̀gá, dúró lẹ́nu ibodè. Lójoojúmọ́ ló ń sọ òfin kan náà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé: ẹni tó bá ń wúkọ́, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹni tí imú rẹ̀ bá ń ṣàn, yóò padà sílé, nítorí àìsàn ènìyàn máa ń pa ìnàkí. Ó ti fojú rí ọba yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kò kí i rí.

Tindyebwa gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìwo ti dún.

Ó wá láti òdìkejì àfonífojì. Gígùn méjì, kúkúrú kan. Gígùn mẹ́ta la fi ń pe òkú. Gígùn méjì àti kúkúrú kan, aláboyún ni. Aláboyún kan ṣoṣo ló sì wà ní òdìkejì yẹn.

Bàbá Baryayanga, tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó gbé ọ̀pá, gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n dúró. Wọ́n sọ ẹngozi kalẹ̀.

"Tindyebwa, bọ́ sílẹ̀."

"Ta lò ń pè ní Tindyebwa níwájú àlejò?"

"Kábíyèsí, bọ́ sílẹ̀."

Ọba rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àlejò, ó sì fi eyín dídì bá mi sọ̀rọ̀. "Akampurira, sọ fún wọn pé oríkì mi ni wọ́n ń kì."

Ojú mi wà ní òdìkejì àfonífojì. Ẹnu mi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún. Mo sọ fún wọn pé oríkì ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Aláboyún ń rọbí," ni Bàbá wí. "O gbọ́ ìwo."

"Mo gbọ́. Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi, mo máa bọ́ sílẹ̀."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ìdajì wákàtí. Bàbá, ẹ ronú náà! Ọmọ tó ti dúró fún oṣù mẹ́sàn-án, ṣé kò lè dúró fún ìdajì wákàtí?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e tu itọ́ sílẹ̀. Ìwo tún dún.

"Ọmọkùnrin yìí," ni Bàbá Baryayanga wí. Kò pariwo. "Bí ìwo bá ti dún, ẹngozi kì í gbé ẹni tí ara rẹ̀ le. Òfin nìyẹn kí wọ́n tó bí baba rẹ. Mo bi ọ́ o: ṣé ara rẹ le?"

Tindyebwa wo àwọn àlejò. Ó wo Ìyáàfin Dekkers. Ó wo ìwé dúdú yẹn, ẹnu kálámù wà lórí rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń ṣírò rẹ̀ nínú: ọba tó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọdún mẹ́wàá ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

"Ara mi kò le," ló wí.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

Ó wúkọ́. "Ikọ́."

"Ikọ́ kì í gorí ẹngozi."

"Pẹ̀lú ibà."

"Ibà máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn."

"Bàbá, ọ̀fìnkìn! Inú rírun! Àyà mi ń já! Àná ni mi ò ti sùn!" Ó sín. Sísín náà lágbára débi pé adé fò sẹ́yìn, gọ́ọ̀mù nìkan ló gbà á là. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo rí i ṣe láti ọdún méjì nìyẹn.

Àfáńdè Kobusheshe ti yíjú padà.

"Ta ló ń wúkọ́?"

Gbogbo ìka nínú ẹgbẹ́ ẹngozi ló nà sí ọ̀kánkán kan ṣoṣo.

Àfáńdè súnmọ́ wa. "Tindyebwa, ikọ́ àti ibà lo wí?"

"Díẹ̀ ni, Àfáńdè. Ti ọba ni, kì í ràn."

"Àwọn àlejò wọ̀nyí, níbo ni wọ́n sùn?"

"Lọ́dọ̀ mi."

"Kí ni wọ́n bá ọ jẹ?"

Bàbá Baryayanga bá a dáhùn. "Pòpó mẹ́sàn-án, Àfáńdè, ìkòkò kan. Orí wọn ń kan ara wọn. Èmi ni mo pọn ọtí náà."

Àfáńdè fa ọwọ́ irin ibodè, ó tì í pa. "Kò sẹ́ni tó ń wọlé lónìí. Ìwọ ògbufọ̀, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Gbogbo rẹ̀. Má fi iyọ̀ sí i."

Mo yíjú sí àwọn àlejò mẹ́jọ náà. Mo ti fi ọdún méjì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, n kò tíì sọ òtítọ́ kan rí lẹ́nu iṣẹ́. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ọkùnrin yìí ní òun ń ṣàìsàn," ni mo wí fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ bá a fa ọtí nínú ìkòkò kan, nítorí náà ẹ kò lè rí ìnàkí. Ohun tó jókòó lé kì í ṣe ìtẹ́. Òun la fi ń gbé aláìsàn àti òkú, ẹyọ kan ló sì wà. Ọ̀gbẹ́ni Ruben, ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kẹ́yìn ṣáájú yín ti kú kó tó dé inú rẹ̀. Ìwo tí ẹ gbọ́ yẹn, obìnrin kan ló ń rọbí. Wọ́n ní kí ọkùnrin yìí bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ gbé e, ó ní kí ọmọ náà dúró. Wọn kò kì í ní oríkì. Àwa Bakiga kò ní ọba rí. Páànù ló ń tà."

"Ìtumọ̀ yẹn kò péye!" ni Kábíyèsí kígbe.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kígbe. Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara, tó ní ẹ̀rí ogún ọdún lẹ́nu òwò.

Ìyáàfin Dekkers gbé ojú sókè kúrò lára ìwé. "Ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Díẹ̀... ìyẹn ni pé... àwọn baba ńlá mi..."

Kò rí i parí. Ọ̀gbẹ́ni Ruben ń fi àǹkáṣíìfù nu ẹ̀yìn ara rẹ̀. Obìnrin kan ń pariwo pé ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta lòun wọ̀, ọdún kan gbáko lòun fi retí ọjọ́ yìí. Ẹlòmíràn ń béèrè ẹni tí yóò dá ìwé àṣẹ òun padà. Tindyebwa wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bí ara rẹ̀ kò bá le, àlejò bọ́. Bí ara rẹ̀ bá le, ìtẹ́ bọ́. Ó yan èyí tó rò pé ó kéré jù nínú méjèèjì, ó fò sílẹ̀ láti orí ẹngozi sínú ẹrẹ̀.

"Ara mi le!" ló ń ké, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Rukiga. "Ẹ wò mí! Eré ni mo ń ṣe! Àṣà ni!"

Nígbà tí wọn kò gbà á gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ijó ilẹ̀ wa, ìfòsókè ni. À á fò, à á fi ẹsẹ̀ méjèèjì gún ilẹ̀ títí ilẹ̀ á fi dáhùn. Ó fò lẹ́ẹ̀kíní, adé bọ́. Ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ẹrẹ̀ ta sí Ìyáàfin Dekkers lójú. Ó fò lẹ́ẹ̀kẹta, àmọ̀tẹ́kùn já ní èjìká, ó sì jábọ́ lára rẹ̀ pátápátá. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ṣòkòtò bọ́ọ̀lù àti ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó gbé wá láti ìsọ̀ rẹ̀ ní Kabale. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí àyà rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: RA PÁÀNÙ MẸ́WÀÁ, GBA ÌṢÓ LỌ́FẸ̀Ẹ́.

Bí àwọn ọkùnrin náà ṣe ń tún ìtàkùn ẹngozi dì fún aláboyún, Àfáńdè mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ara wá. Ó nà án sí iwájú orí Tindyebwa. Ó wọn ti àwọn àlejò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ńlá ibodè, ó ń kọ ọ́, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́.

"Àlejò mẹ́jọ: ara le, kí wọ́n wọlé. Eliyezeri Tindyebwa: ara le. Irọ́ ló pa."

"Ẹ ṣeun, Àfáńdè," ni Tindyebwa wí. Ó ti ń wá adé rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ṣé gbogbo yín gbọ́?" ni Bàbá Baryayanga wí. "Àní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Ara rẹ̀ le." Ó na ọwọ́ sí ẹngozi. "Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí ìwo dún létí rẹ̀, èjìká rẹ̀ dà?"

"Bàbá, mo máa fi ewúrẹ́ ránṣẹ́. Èyí tó sanra!"

"Ewúrẹ́ kò sí níbí. Ìwọ lo wà níbí."

"Ẹ wo ọjọ́ orí mi!"

"A ti rí bó o ṣe ń fò."

Àwọn ọkùnrin náà ti ya ọ̀nà sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá iwájú, àyè ẹnì kan. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn ń wò ó. Àwọn àlejò náà ń wò ó. Mo ju ọ̀pá àṣẹ sínú igbó, mo bọ́ sí òdìkejì rẹ̀, mo ti èjìká mi bọ abẹ́ ọ̀pá. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì ti èjìká tirẹ̀ bọ abẹ́ ọ̀pá aláwọ̀ wúrà tó fi owó ara rẹ̀ kùn.

Ìyáàfin Dekkers sún mọ́ mi. "Kí lẹ̀ ń pe èyí," ló béèrè, "nínú ètò yín?"

"Kò sí nínú ètò. A kì í tà á."

Ó wo Tindyebwa láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá pa ìwé dúdú náà dé. Mo ti gbọ́ bí ìdérí posí ṣe ń dún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló dún.

A sáré sọ̀ kalẹ̀. Bí àwọn àlejò ṣe ń gba orí òkè lọ sínú igbó, wọ́n ń dúró wo ìsàlẹ̀, kámẹ́rà wọn ń tàn yẹ́ríyẹ́rí: wọ́n wá wo ìnàkí, wọ́n sì kọ́kọ́ rí ọba. Tindyebwa ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń kérora. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ mi ló wà.

"Akampurira, mo gbé ọ láti inú oko ọ̀dùnkún."

"Ẹ máa gbẹ́sẹ̀, sà."

"Mo sọ ọ́ di ènìyàn!"

"Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ tiyín ga. Ó ń dà."

Ìyá ọkọ Kyobutungi àti obìnrin mẹ́ta gbé e jáde sí wa lójú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wọ inú, ètè rẹ̀ ti funfun. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àrán pupa. A gbé e, a kọrí sí ilé ìwòsàn. Òkè mẹ́ta ló wà láàárín. A gun ti àkọ́kọ́. Mo ń ka ìró ẹkún rẹ̀, mo sì ń ka ìdajì wákàtí tí ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí òkè kejì, Kyobutungi ké igbe kan tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀!" ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Ọmọ ti yí padà. Ó ń bọ̀! Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kẹ̀yìn!"

Àwọn obìnrin fi aṣọ yí i ká. Àwa ọkùnrin kẹ̀yìn, a kọjú sí àfonífojì, a di eyín. Ẹnì kan ṣoṣo ló bojú wẹ̀yìn.

"Àrán mi!" ni Tindyebwa kígbe. "Ẹ yọ àrán mi kúrò ná! Láti Nairobi ni mo ti..."

Ìgbátí ni ìyá ọkọ Kyobutungi fi dá a lóhùn, ìró rẹ̀ sì gba àfonífojì kọjá, ó dé òdìkejì, ó padà wá bá wa.

Kó tó padà tán, a gbọ́ igbe mìíràn. Ó kéré. Ó bínú.

"Obìnrin ni," ni ìyá arúgbó náà wí. "Ara rẹ̀ le. Ti ìyá rẹ̀ náà le, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Ẹ gbé wọn, kíákíá!"

A yíjú padà. Kyobutungi dùbúlẹ̀ sórí àrán náà, ọmọ wà láyà rẹ̀, ọmọ náà sì ti ba gbogbo ohun tó ti Nairobi wá jẹ́. Àbúrò mi wò mí. Ó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹrẹ̀ dé orí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ arúgbó hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìṣó lọ́fẹ̀ẹ́ wà láyà rẹ̀. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọba yín nìyí?"

"Òun ni."

"Nínú gbogbo ìran wa, ta ni wọ́n ti bí sórí ìtẹ́ rí?"

Bàbá Baryayanga wo ọmọ náà, ó ṣí fìlà. "Kò sí. Òun ni àkọ́kọ́."

"Ẹ bá mi sọ fún un, nígbà náà," ni Kyobutungi wí, ó ti di ojú, "kó tẹríba, kó gbé wa. Òkè kan ṣì kù."

Tindyebwa tẹríba.